Ẹni Tó Mọ Aṣọ Fọ̀ Ló Lè Wo Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Sàn

Ọmọ tó bá dàgbà sọ́dọ̀ ìyá Yorùbá ti mọ aṣọ fọ̀ kó tó mọ ìwé kà dáadáa. Ó mọ̀ pé aṣọ funfun kì í bá àdìrẹ wọ báàfù kan náà, pé àǹkárá tuntun ṣì máa ń ṣí àwọ̀, pé a gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò wò kí owó má baà bómi lọ. Ó mọ̀ pé a ń po ọṣẹ títí yóò fi hó, a ń rẹ aṣọ sínú rẹ̀ kí èérí lè rọ̀, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ yóò wọlé: a gbo ọrùn ẹ̀wù, a gbo abíyá, a gbo ẹsẹ̀ ṣòkòtò. A da omi dúdú nù, a fi omi mìíràn ṣan aṣọ, a tún fi òmíràn ṣàn án títí omi yóò fi mọ́ gaara. Nígbà náà la ó wá fún un. Bó bá jẹ́ aṣọ ìbora ńlá ni, èèyàn méjì ló máa dì í mú létí méjèèjì, ọ̀kan ń lọ́ ọ sọ́tùn-ún, èkejì ń lọ́ ọ sósì, omi ń dà wàràwàrà sílẹ̀. Ó wá ku okùn àti oòrùn.

Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí a ń kó aṣọ sí láti òkè kò ní iṣẹ́ mìíràn ju èyí lọ. Ó ń pọn omi, ó ń gbo aṣọ, ó ń da omi nù, ó ń ṣan aṣọ, ó ń fún un. Ohun tó mú kó ṣàjèjì ni pé abẹ́ ìdérí ló ti ń ṣe gbogbo rẹ̀, iná sì ń tàn lójú rẹ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ àṣírí ló ń sọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó bá dákẹ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu wa ni pé “ó ti bàjẹ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìbéèrè tó ń ranni lọ́wọ́ ni: ibo nínú iṣẹ́ yìí ló dúró sí? Ṣé omi ni kò rí pọn? Ṣé ó pọnmi tán, kò lè gbo aṣọ? Ṣé ó gbo aṣọ tán, kò lè da omi nù? Ṣé ó da omi nù, kò lè fún aṣọ? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí èyí ti sé àìsàn náà mọ́ ojú kan, torí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀yà ara tí ń ṣe é. Ó máa ń dùn mí gidigidi nígbà tí mo bá rí ẹ̀rọ tí wọ́n ti gbé sẹ́yìnkùlé, tó ti di ibi tí wọ́n ń gbé garawa lé, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba iyanrìn ló dí i lọ́nà ọ̀fun.

Oríṣi méjì ló pọ̀ nílé wa. Àkọ́kọ́ ni oníbáàfù méjì: ẹ̀gbẹ́ kan fún fífọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì fún fífún. Èèyàn ló ń bu omi sí i, èèyàn ló ń kó aṣọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, èèyàn náà ló ń yí bọ́tìnì kí omi ìdọ̀tí lè jáde. Ìdí nìyẹn tó fi bá ilé tí omi ẹ̀rọ kò ti dájú mu. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní mọ́tọ̀ tirẹ̀, nítorí náà bí apá ìfọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tí apá ìfún kò ṣiṣẹ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló kú. Èkejì ni aládàáṣe. Èèyàn lè rò pé báàfù kan ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni: irin oníhò wẹ́wẹ́ tí aṣọ ń wà nínú rẹ̀, àti ike tó yí i ká, tó ń gba omi dúró. Nísàlẹ̀ irin oníhò yẹn ni àwo pẹlẹbẹ kan wà. Àwo yìí ló ń yí sọ́tùn-ún, tó ń yí sósì. Òun ni ọwọ́ tó ń gbo aṣọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, òpó kan ló dúró láàárín dípò àwo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi omi, torí níbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà ilé wa ti ń wá. Ẹ tan ẹ̀rọ aládàáṣe, ó ń kùn jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n omi kò wọlé, tàbí kó máa sẹ̀ tín-ín-rín. Nígbà tó bá yá, ẹ̀rọ yóò ké, yóò sì kọ lẹ́tà sójú. Lórí ẹ̀rọ LG, IE ni yóò kọ. Samsung tó ti pẹ́ a kọ 4E, àwọn tuntun a kọ 4C. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: mo retí omi, n kò rí i.

Ẹ wo ẹnu ẹ̀rọ omi, ṣé ó ṣí dáadáa? Ẹ wo họ́ọ̀sì, ṣé kò ká kò? Bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ ti omi, ẹ yọ plọ́ọ̀gì kúrò lójú iná, ẹ gbé abọ́ sábẹ́, kí ẹ wá fi ọwọ́ tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ. Lẹ́nu ibi tí ẹ ti tú u, ẹ óò rí asẹ́ kékeré kan nínú, tí kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Ó ní ohun kékeré kan tó yọ láàárín rẹ̀ tí pìláyà ẹlẹ́nu ṣóńṣó lè mú. Ẹ fà á jáde tààrà, ẹ má lọ́ ọ. Nílé tó ń lo omi bóhóòlù, ohun tí ẹ óò bá lára rẹ̀ ni iyanrìn kíkúnná, ìpẹtà pupa láti inú páìpù àtijọ́, àti nígbà mìíràn èérún páìpù ike tí púlọ́ńbà gé tí kò fi omi tì jáde. Gbogbo rẹ̀ yóò ti dí ojú asẹ́ náà pinpin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbo ó lábẹ́ omi tó ń ṣàn, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lójú ihò rẹ̀ gbogbo, kí ẹ tó dá a padà. Bí omi yín bá ní iyanrìn, ẹ sọ èyí di iṣẹ́ oṣooṣù. Àwọn kan a máa yọ asẹ́ náà sọ nù pé ó ń dí omi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn asẹ́ yẹn ni fáàfù wà, rọ́bà fẹ́lẹ́ kan ló sì ń ṣí tó ń tì nínú rẹ̀. Iyanrìn bíńtín tó bá há sábẹ́ rọ́bà yẹn tó láti mú kí omi máa sẹ̀ wọnú ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru.

Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, omi kì í fẹ́ dúró. Ó kún, ó kún, ó fẹ́ dà sílẹ̀. Àdánwò kan wà fún èyí tí mo fẹ́ràn púpọ̀ torí pé kò náni ní kọ́bọ̀: nígbà tí omi ṣì ń wọlé, ẹ yọ plọ́ọ̀gì. Bí omi kò bá dúró lẹ́yìn tí iná ti kúrò, fáàfù ló há. Bí omi bá dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fáàfù kò jẹ̀bi. Àṣẹ ló ń tẹ̀ lé, ohun tó ń wọn omi ló sì ń fún un ní àṣẹ tí kò tọ́.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé omi ti tó? Ìyá wa a máa fi ojú wò ó. Ẹ̀rọ kò lójú. Afẹ́fẹ́ ló fi ń wọn omi. Rọ́bà tín-ín-rín kan wà tó ti ìsàlẹ̀ ike agbomidúró gòkè lọ sẹ́yìn ibi tí bọ́tìnì wà. Bí omi ti ń ga, ó ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú rọ́bà náà, ó sì ń tì í sókè. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni afẹ́fẹ́ ọ̀hún ṣe ń le tó. Lókè, ohun kékeré kan wà tó ń mọ bí afẹ́fẹ́ yìí ti le tó, òun ló ń sọ pé ó tó. Iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni, ẹni tó ronú kàn án kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọṣẹ àti òwú aṣọ bá dí ẹnu rọ́bà náà nísàlẹ̀, tàbí tí rọ́bà bá lu, tàbí tó bọ́ kúrò níbi tó wọ̀ sí, ẹ̀rọ yóò máa rò pé omi kò tíì tó, bẹ́ẹ̀ omi ti dé etí. Kí ẹ tó ra fáàfù tuntun, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ yẹ rọ́bà yìí wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ yọ ọ́ lókè, ẹ fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ kí ìdọ̀tí tó dí i lè jáde. Ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ má fẹ́ tagbára-tagbára, awọ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa táǹkì, torí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn dá ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Omi tó wà nínú táǹkì lókè kò ní agbára mìíràn ju gíga rẹ̀ lọ. Gíga mítà 1 kò fúnni ní ju nǹkan bí 0.1 bar lọ. Táǹkì tó bá fi mítà 3 ga ju ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ yóò fún un ní nǹkan bí 0.3 bar. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ẹ̀rọ, 0.3 tàbí 0.5 bar ni èyí tó kéré jù tí fáàfù lè fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí táǹkì ilé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá fèrèsé rẹ̀ dọ́gba, kì í ṣe ẹ̀rọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Àfi kí wọ́n gbé táǹkì ga sí i, tàbí kí wọ́n fi pọ́ǹpù kékeré sójú páìpù. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, garawa ṣì wúlò: ẹ rọra da omi síbi tí aṣọ wà, bí ó bá ti dé ìwọ̀n, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Yóò tún dúró de omi nígbà tó bá fẹ́ ṣan aṣọ, ẹ má jìnnà sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí omi ta sójú bọ́tìnì.

Bí omi bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan ọṣẹ, ibẹ̀ sì ni àṣà báàfù ti ń pa ẹ̀rọ lára. Ìfófòó la fi ń mọ̀ nídìí báàfù pé ọṣẹ ti tó. Bí kò bá hó dé etí, ọkàn wa kì í balẹ̀. Nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe ìfófòó ló ń mú aṣọ mọ́. Ọṣẹ tó ti yòrò sínú omi ló ń tú èérí, bí aṣọ ti ń fara gbo ara wọn ló sì ń gbé e kúrò. Ìfófòó tó bá pọ̀ jù kì í jẹ́ kí aṣọ fara kan ara wọn dáadáa; kì í jẹ́ kí omi jáde bó ti yẹ; a máa fa irin oníhò sẹ́yìn nígbà tó bá fẹ́ pòyì; èyí tó bá sì gbẹ sẹ́yìn irin náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Púpọ̀ nínú ọṣẹ oníyẹ̀fun tó wà lọ́jà wa, ọwọ́ ni wọ́n ṣe é fún, kó lè hó. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe é fún, ẹ rà á. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dín ti ọwọ́ kù gan-an, kí ẹ pò ó mọ́ omi lọ́tọ̀ kó tó wọnú ẹ̀rọ. Ẹ wá ṣí ìdérí nígbà tó bá ń ṣan aṣọ kẹ́yìn, kí ẹ wo ojú omi. Bí ìfófòó bá ṣì wà níbẹ̀, ọṣẹ yín pọ̀ jù.

Àpò tí ìyá wa ní ká máa yẹ̀ wò náà ṣe pàtàkì ju ti àtijọ́ lọ. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ha abẹ́ àwo pẹlẹbẹ náà, tàbí tí ẹ rí i pé aṣọ ń ya láìnídìí, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ wo àárín àwo. Ìdérí kékeré kan lè wà níbẹ̀ tí ẹnu ọbẹ lè gbé, súkúrù tàbí nọ́ọ̀tì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ ki okùn tó le bọ abẹ́ etí àwo lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ fà á sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣí i, ẹ óò bá owó ẹyọ níbẹ̀, píìnì irun, bọ́tìnì ẹ̀wù, ike káàdì fóònù, àti wáyà kọ́mú tó ti gba ojú ihò wọlé, gbogbo wọn há sínú ẹrẹ̀ eléérú tó jẹ́ ọṣẹ, òwú àti ọ̀rá ara. Wáyà kọ́mú ló burú jù nínú wọn, torí ó lè gún ike agbomidúró, kí omi máa jò sílẹ̀. Kí kọ́mú máa wọ inú àpò alásẹ́ kó tó wọ ẹ̀rọ. Ẹ fọ abẹ́ àwo náà mọ́ tónítóní, ẹ dá a padà, ẹ dì í le.

Bí kò bá sí ohun tó há, tí mọ́tọ̀ sì ń kùn láìyí, tàbí tó jẹ́ pé àfi kí ẹ fọwọ́ ti àwo kó tó gbéra, ó ṣeé ṣe kí kàpásítọ̀ ti rẹ̀. Irú rẹ̀ náà ni oníṣẹ́ iná ń pààrọ̀ nínú fáànù òkè àjà wa. Kì í ṣe ohun olówó gọbọi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ kàn án, torí iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ plọ́ọ̀gì. Bó bá jẹ́ òórùn rọ́bà tó ń jó ni, bẹ́líìtì abẹ́ ẹ̀rọ ló ti dẹ̀ tàbí tó ti gbó.

Dída omi nù ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rú, torí ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ṣe é, ohun tó dára fún ọ̀kan sì ń ba èkejì jẹ́. Nínú àwọn kan, omi kàn ń ṣàn jáde fúnra rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ni. Họ́ọ̀sì irú èyí gbọ́dọ̀ nà sílẹ̀. Bí ẹ bá gbé ẹnu rẹ̀ sórí síńkì, omi kò ní jáde. Nínú àwọn mìíràn, pọ́ǹpù ló ń ti omi jáde, ẹ óò gbọ́ bó ti ń kùn. Ẹnu họ́ọ̀sì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ga dé ibi tí ìwé ìlànà sọ. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀, omi yóò máa ṣàn jáde bó ti ń wọlé, ẹ̀rọ yóò sì máa pọnmi tí kò ní kún. Ẹ fetí sílẹ̀ nígbà tí omi bá ń jáde, kí ẹ mọ irú èyí tí tiyín jẹ́.

Ohun kan wà nípa ẹ̀rọ aládàáṣe tí omi ń ṣàn jáde fúnra rẹ̀, tí mo fẹ́ kí gbogbo onílé mọ̀. Mọ́tọ̀ kékeré tó ń ṣí ọ̀nà fún omi náà ló tún ń tú irin oníhò sílẹ̀ kó lè pòyì. Nítorí náà, bí omi kò bá jáde tí ẹ̀rọ kò sì fún aṣọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó àìsàn méjì lọ́wọ́ yín. Ó lè jẹ́ mọ́tọ̀ kékeré yẹn nìkan, ó sì lè má ju ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan tó dí ẹnu ọ̀nà omi lọ. Lẹ́tà tí ẹ óò rí lójú LG ni OE, ti Samsung ni 5E tàbí 5C.

Ó wá ku fífún. Ẹ rántí èèyàn méjì tó di aṣọ ìbora mú: bí ọ̀kan bá wúwo ju èkejì lọ, aṣọ yóò wọ́ ẹni tó fúyẹ́ lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ nìyẹn nígbà tí aṣọ bá kó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀rọ ń gbọ̀n jìgìjìgì, ó ń lu ògiri, ó dúró, ó tún pọnmi láti tú aṣọ ká, ó sì lè kọ UE sójú. Ẹ̀gbà ike kan wà lókè irin oníhò tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Omi yìí máa ń ṣàn lọ sí òdìkejì ẹrù láti mú kí ó dọ́gba, ṣùgbọ́n ibi tí agbára rẹ̀ mọ wà. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi ọwọ́ tú aṣọ ká yípo. Táwẹ́lì ńlá kan ṣoṣo burú ju táwẹ́lì mẹ́ta lọ, torí kò ní ẹnìkejì tí yóò dì í mú. Ẹ wo ìdérí náà, bí kò bá pa dé, irin kò ní pòyì. Ẹ tẹ orí ẹ̀rọ láti igun dé igun, bí ó bá mì, ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣeé yí gbé e dọ́gba, orí sìmẹ́ńtì líle ni kó sì wà, kì í ṣe orí pákó. Bó bá jẹ́ tuntun tó ń gbọ̀n kíkankíkan, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá fóòmù tí wọ́n fi dì í wá láti ilé-iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ óò kó kúrò nílé. Bó bá jẹ́ èyí tó ti pẹ́, ẹ fi ọwọ́ tẹ irin oníhò mọ́lẹ̀ kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lójijì. Ó yẹ kó gòkè kó sì dúró. Bó bá ń fò sókè-sódò, irin mẹ́rin tó gbé e rọ̀ ti rẹ̀, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀.

Aṣọ òjò, bẹ́ẹ̀dì ọmọ onírọ́bà, ohunkóhun tí omi kì í là kọjá, kò gbọ́dọ̀ wọ ibi ìfún láéláé. Omi yóò há sínú rẹ̀, nígbà tí irin bá sì ń pòyì kíkankíkan, ẹrù náà lè ṣí lẹ́ẹ̀kan kó fọ́ ẹ̀rọ sí wẹ́wẹ́. Ewu gidi ni.

Bí aṣọ bá ń jáde láti inú ẹ̀rọ pẹ̀lú òórùn, ẹ̀yìn irin oníhò ló ti bu. Ọṣẹ àṣẹ́kù, ọ̀rá ara, àti omi olóòórùn dídùn tí a fi ń mú aṣọ rọ̀ ló para pọ̀ lẹ̀ mọ́ ibi tí ojú kò tó. Ẹ pọn omi gbígbóná sí i, kì í ṣe èyí tó ń hó, títí dé ìwọ̀n tó ga jù, ẹ da ife bílíìṣì kan sí i, irú èyí tí a mọ̀ sí Hypo tàbí Jik, ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan, kó tó dà á nù, kí ẹ sì ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì láìsí aṣọ níbẹ̀. Ẹ má da ọtí kíkan, oje ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọṣẹ ìfọlé ìgbẹ́ mọ́ bílíìṣì yìí. Afẹ́fẹ́ tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìdí nìyí tí nápíkìn tí ìtọ̀ wà lára rẹ̀ náà fi gbọ́dọ̀ gba omi tútù kọjá kó tó rí bílíìṣì. Asẹ́ kékeré alápò tó wà lára ògiri irin oníhò ń kó òwú aṣọ. Ẹ tú u dà nù lẹ́yìn gbogbo ìfọ̀. Ẹ má pa ìdérí dé nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ. Ibi tí ọmọ kékeré wà nìkan ni kí ẹ ti pa á dé nígbà tí ẹ kò bá sí nítòsí.

Eku tún wà. Abẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ṣí sílẹ̀, ó móoru, ó ṣókùnkùn, eku sì fẹ́ràn wáyà. Ike pẹlẹbẹ kan máa ń bá ẹ̀rọ tuntun wá nínú páálí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà nù pẹ̀lú páálí náà. Òun ni ìlẹ̀kùn abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi sí i. Bí iná yín bá sì máa ń lọ sílẹ̀ tó ń gòkè, ẹ fi stábíláísà tó gbà á sáàárín, torí iná tí kò tó máa ń mú kí mọ́tọ̀ gbóná láìyí. Bí ẹ bá fọwọ́ omi kan ara ẹ̀rọ tí ó sì ta yín, kódà díẹ̀, ẹ pa iná láti ìdí rẹ̀, kí ẹ má lò ó mọ́ títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ wáyà ilẹ̀ wò.

Ariwo ńlá nígbà tó bá ń pòyì, tó ń pọ̀ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ìpẹtà tó ń sẹ̀ lábẹ́, bẹ́árìnì ni. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ onílé.

Ọ̀rọ̀ kan kù, ti àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Atlanta. Ọmọ a pe ilé: “Màmi, ẹ̀rọ ìfọṣọ yín wà nínú kọ̀ǹténà tó ń bọ̀ o.” Màmi a gbàdúrà fún un. Kí àdúrà yẹn tó parí, ẹ ní kí ọmọ ya fọ́tò àwo kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ránṣẹ́. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fóòtì, 60 Hz; tiwa jẹ́ 230 fóòtì, 50 Hz. Bí wọ́n bá kì í sójú iná wa bó ti rí, yóò jó. Tíránsífọ́mà lè sọ 230 di 120, ṣùgbọ́n kò lè sọ 50 di 60, mọ́tọ̀ àtijọ́ irú ibẹ̀ yóò sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, yóò máa gbóná. Ẹ tún bi í nípa orúkọ àti ọdún rẹ̀: ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Samsung àti àjọ tó ń bójú tó ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà kéde nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 ẹ̀rọ tí a ń kó aṣọ sí láti òkè, tí wọ́n ṣe láàárín 2011 sí 2016, pé orí wọn lè já kúrò nígbà tí wọ́n bá ń pòyì. Nọ́ńbà tó wà lára àwo yẹn ni yóò sọ bóyá tiyín wà lára wọn, bóyá wọ́n sì ti tún un ṣe.

Ẹni tó ti gbà á tán, tó sì ti ra tíránsífọ́mà tó gbà á, kó mọ̀ pé ẹnu họ́ọ̀sì Amẹ́ríkà kì í bá ẹnu ẹ̀rọ omi wa mu. Ìlà tí a fi ń yí wọn wọra kò dọ́gba, bó bá fi ipá dè é, yóò máa jò. Kó ní kí púlọ́ńbà bá a wá ẹnu àárín tó so méjèèjì pọ̀. Ihò méjì ni yóò rí lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ọ̀kan fún omi gbígbóná, ọ̀kan fún omi tútù. Bó bá jẹ́ omi tútù nìkan ló ní, kó ra ẹ̀ka olójú méjì, kí omi kan náà wọ ihò méjèèjì, torí bí ihò gbígbóná bá ṣófo, ẹ̀rọ lè dúró síbẹ̀ kó máa retí omi tí kò ní wá.